Ìkìlọ̀ Ọsàn, Ìkìlọ̀ Ọ̀sán

Anoumabo, Marcory,
Abidjan.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Tasneem ọmọ mi,

O kú ọ̀rinrin o. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Plateau, níbi tí ẹ ti ń fi atẹ́gùn tútù tọ́jú ara yín bí ẹja inú yìnyín? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àtẹ̀gùn ilé gíga yín yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí iṣẹ́ tí o ń ṣe má di iṣẹ́ tí yóò kó ìtìjú bá wa. Àmín. Àdúrà kejì yẹn ní ìdí, n ó dé ibẹ̀.

Má bínú pé bébà ni mo fi kọ̀wé sí ọ bí ẹni pé a kò jọ gbé ìlú kan náà. Òótọ́ ni pé abúlé ni wọ́n ṣì ń pe Anoumabo wa yìí, ṣùgbọ́n fóònù wà níbẹ̀. Tèmi ló bọ́ sínú àgbàrá ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Fáísàlì tí ń tún fóònù ṣe ní kí n rì í mọ́ inú ìrẹsì, mo sì rì í. Ọjọ́ kẹfà rèé. Àràárọ̀ ni mò ń wọn ìrẹsì náà, kò tíì jẹ kóró kan, bóyá ìyẹn ni kò ṣe tíì lágbára láti sọ̀rọ̀. Issiaka onítasí ni yóò gbé lẹ́tà yìí wá. Bọ́ọ̀sì ni yóò wọ̀, torí pé tasí rẹ̀ náà ṣì ń gbẹ.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni ọ̀rọ̀ tí o bá Alàgbà Lazare onílé wa sọ lánàá. O ní kó sọ fún mi pé ọ̀gá yín, Mùsíọ̀ Serge, gbọ́ pé mò ń kìlọ̀ òjò káàkiri etí gọ́tà. O ní mi ò ní ìwé àṣẹ, pé iléeṣẹ́ yín ni wọ́n gbéṣẹ́ fún láti máa túmọ̀ ìkìlọ̀ òjò sí èdè wa, pé kí n jáwọ́. Mo gbọ́. Èsì mi ni: rárá. Mo kọ ọ́ sókè níbí kí o tètè rí i, kí o má baà máa wá a dé ìsàlẹ̀. Àlàyé ló kù.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo ti to ọsàn mi ní mẹ́rin-mẹ́rin lórí àtẹ nígbà tí fóònù gbogbo wa ké lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tí o kọ ránṣẹ́ ni: IKILO OSAN. OJO NLA 100 MM, 70%. E SORA. Lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà, àmì ohùn kò sí lórí ẹyọ kan. Tasneem, mo rán ọ lọ sí iléèwé àwọn Faransé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní kó o gbàgbé àmì síbẹ̀.

Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọsàn lọ́wọ́ mi dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ìjọba ti kìlọ̀ ọsàn. Mo bi í pé kí ni ọsàn ṣe, ó ní òun ò mọ̀, ó ní ẹni tí wọ́n bá kìlọ̀ fún kì í tún bèèrè. Kí n tó bu omi mu, ọjà mi ti di ohun tí èèyàn ń sá fún.

Làtífù wá fi gbogbo wa ṣe yẹ̀yẹ́. O mọ Làtífù, ọkọ Ràmúlátù, àwọn tí yàrá wọn wà létí gọ́tà gan-an, ọmọ wọn pé ọjọ́ méjìlá lọ́jọ́ náà. Ó ní púrúǹtù ni wá, pé kì í ṣe ọsàn, ọ̀sán ni, pé ọ̀sán ni òjò yóò rọ̀. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì, ó mú ìyàwó, ó gbé ọmọ, ó kó gbogbo wọn lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Alàgbà Lazare láti aago mọ́kànlá. Ọ̀sán pọ́n. Aṣọ tí mo sá gbẹ kí n tó yí ẹ̀yìn padà. Nígbà tó di aago mẹ́rin, wọ́n ti ń pe Làtífù ní Wòlíì Ọ̀sán, wọ́n ń bi í pé ṣé òjò rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì tí kò tètè dé ni. Inú bí i, ó kó ẹrù, ó kó ìyàwó àti ọmọ padà sí etí gọ́tà.

Alàgbà Lazare ní tiwa kò yé wa, pé Faransé ni wọ́n fi kọ èyí tó wà lórí fóònù tòun: alerte orange. Ó ní àwọ̀ ni, kì í ṣe èso, kì í sì í ṣe àkókò. Àwọ̀ ìyeyè ló ń ṣáájú, àwọ̀ ọsàn a tẹ̀ lé e, pupa ló ń kẹ́yìn, torí náà kò tíì kàn wá. Issiaka ní bẹ́ẹ̀ ni, òun mọ̀ ọ́n láti ara iná ojú títì, pé tó bá ti di àwọ̀ ọsàn, ńṣe ni èèyàn ń sáré kọjá kó tó pọ́n. Ó kó sínú tasí rẹ̀ tí òun náà jẹ́ àwọ̀ ọsàn, ó sáré gba ọ̀nà Treichville lọ.

Èmi kò jókòó ní tèmi, mo wádìí. Mo gba rúlà lọ́wọ́ ọmọ iléèwé kan, mo ka ọgọ́rùn-ún mìlìmẹ́tà lórí rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo ní òjò tí gbogbo gíga rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́, adìẹ gan-an yóò gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ó wá ku ti pour cent, àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àádọ́rin bá já sí wa lórí, ibo ni ọgbọ̀n yòókù ń lọ? Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo kọ ìbéèrè yẹn ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó kìlọ̀ fún wa, kò dáhùn. Ọmọ mi, ta ní í kìlọ̀ fún èèyàn tí kì í dúró gbọ́ èsì?

Òjò náà dé nígbà tí wọ́n ń pe ìrun àṣálẹ́. Àṣé orí gbogbo ilẹ̀ Marcory ni àtẹ́lẹwọ́ yẹn ń já lé, tí gbogbo rẹ̀ sì ń wá gba gọ́tà wa kan ṣoṣo dé ọ̀sà! Omi dé orúnkún, ó dé itan. Làtífù ti lọ kírun. Ìta ni ilẹ̀kùn wọn ń ṣí sí, omi sì ti fi èjìká tì í pa mọ́ Ràmúlátù àti ọmọ. Mo gbé agbada irin, mo ń lù ú. Mi ò kígbe òjò, mi ò kígbe àwọ̀, orúkọ ni mò ń pè. Mo ní Alàgbà Lazare, mú àáké wá. Mo ní Fáísàlì, wá di ilẹ̀kùn yìí mú. Ẹni tí mo pe orúkọ rẹ̀ ń wá, ẹni tí mi ò pè dúró lójú fèrèsé ó ń wòran. A fọ́ ilẹ̀kùn. Mo tẹ́ ọmọ sínú apẹ̀rẹ̀ ọsàn, mo gbé e rù. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti bọ́. Ọsàn ni gbogbo agboolé ń pe ọmọ náà báyìí.

Ọjọ́ Àìkú, iléeṣẹ́ yín rán ọmọbìnrin kan wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ó ní kí n fi nọ́ńbà, láti orí ení dé orí àrún, sọ bí ìkìlọ̀ náà ṣe tẹ́ mi lọ́rùn tó. Mo rò ó dáadáa. Gbogbo ilé kéú ló mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ipò kìíní ló ṣe dáadáa jù. Mo fún yín ní ipò karùn-ún. Ká ní ìkẹwàá wà níbẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ẹ̀ bá wà. Alàgbà Lazare wá ní o sọ pé inú ọ̀gá rẹ dùn, pé ó ń fi àrún Màmá rẹ han àwọn ọ̀gá tirẹ̀. Sọ fún un kó dá àrún mi padà.

Ohun tí mò ń ṣe kò fara sin. Nígbà tí mo ń kọ́ òwò ní ọjà Roxy ní Adjamé, ìyá mi ní bí oníbàárà kò bá lóye ọjà tí o ń polówó, kì í ṣe oníbàárà ló gọ̀. Ojúlé mẹ́tàlélógún ló wà létí gọ́tà. Obìnrin mẹ́ta la pín wọn fún, olúkúlùkù mọ ojúlé tirẹ̀, ó mọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, ó mọ arúgbó tí kò lè rìn. Tí omi bá ti kan bíríkì kejì lára afárá gọ́tà, a kì í ṣèpàdé. A ó lu agbada, a ó pe orúkọ, a ó sọ ibi tí kálukú ń lọ. Ẹni tó bá ń fà sẹ́yìn, a ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ṣáájú, yóò tẹ̀ lé e. Ní Ọjọ́ Ajé tí òjò tún rọ̀, kí ìkìlọ̀ yín tó dún lórí fóònù Alàgbà Lazare, a ti mu tíì tán lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Ìyẹn ni Mùsíọ̀ Serge ń pè ní ìkìlọ̀ aláìníwèé.

Wo ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ àná ti dá sílẹ̀. Làtífù gbọ́ ọ. Ó ní òun ò tún ní tẹ̀ lé ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, pé fóònù lòun yóò máa retí, pé ẹnikẹ́ni kò ní pe òun ní Wòlíì mọ́. Ràmúlátù ń wo ojú mi, ó ń wo ojú ọkọ. Ọmọ ọlọ́jọ́ méjìdínlógún ló wà láàárín.

Dúró, wọ́n ń pè mí síta.

Mo ti padà. Bí ojú ìwé yìí bá rin, òjò ni, kì í ṣe omijé. Omi kan bíríkì kejì. Mo lu agbada, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Làtífù, mo ké. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní kò tíì dún. Níbi tó ti ń nà án, Ràmúlátù ti gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá tòun tọmọ. Mo wọlé, mo gbé ìkòkò ọbẹ̀. Làtífù tẹ̀ lé ọbẹ̀. A ti dé ìdajì àtẹ̀gùn kí fóònù náà tó dún, ó sì kà á sókè fún wa: IKILO OSAN. Ẹ̀rín pa Ràmúlátù débi pé ó di ògiri mú. Yàrá wọn ti kún dé ojú bẹ́ẹ̀dì báyìí tí mò ń kọ èyí.

Torí náà, má fi owó ránṣẹ́, owó máa ń pẹ́ lọ́nà. Ra gbohùngbohùn ọlọ́wọ́, irú èyí tí àwọn tó ń ta oògùn eku fi ń pariwo ní Roxy, ra bátìrì sí i, kí o sì fi fún Issiaka lónìí, kì í ṣe lọ́la. Bí ṣéńjì bá kù, bàtà rọ́bà, o mọ ẹsẹ̀ mi. Bí wọ́n bá sì tún ní kó o túmọ̀ ìkìlọ̀, má kọ ọ́ mọ́, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ ránṣẹ́. Yorùbá rẹ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì, kò burú, ohùn kì í gbàgbé àmì rẹ̀ sílé.

Ohun tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà Làtífù rèé: Ràmúlátù, gbé ọmọ, jáde nísinsìnyí, ó di òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Alàgbà Lazare, má padà àfi tí mo bá wá pè ọ́. Túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún ọ̀gá rẹ, kó bá mi wá àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òjò bá ọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ rẹ láti pè é.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sẹ̀kínà ọlọ́sàn.