Àlàní, Koríko Rẹ Kì Í Ṣe Igbó

Ṣùkúrù Àlàní, ọmọ ìyá mi, òjò ọdún kẹta rèé tó ń rọ̀ sórí ilẹ̀ tí o ò sí níbẹ̀. Èmi Àsíátù, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni mo ń sọ̀rọ̀. Èmi náà ni mo máa ń sọ̀rọ̀ jù nígbà tí o wà láyé. Ikú tó mú ọ lọ ò tíì lè pa mí lẹ́nu mọ́.

Gbọ́ o! Oko rẹ ṣì wà. Oko tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ láti Fìdítì dé Ìlọrà ṣì wà! Wọn ò rí i gbà.

Ṣé o rántí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín? Gbogbo àgbẹ̀ ń fi ọkọ́ lé koríko, ìwọ ń gbin koríko. O ń gé eèsún ní pòpòrò, o ń rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbin ẹ̀gẹ́, o wá ń gbin òtili, ẹ̀wà tó ń di igi yẹn, sáàárín rẹ̀, gbogbo ẹ̀ nítorí àgbò àti àgùntàn. Wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Koríko. Ìwọ á kàn rẹ́rìn-ín. Wàá ní eèsún ló ń yó àgbò, òtili ló ń mú un sanra, òtili yìí kan náà ló sì ń bọ́ ilẹ̀ tí eèsún ń jẹ. Mo máa ń sọ fún ọ pé ẹnu rẹ dùn ju oko rẹ lọ. Háà, Àlàní! Àárò ẹnu yẹn ń sọ mí.

Ibà ọjọ́ díẹ̀ ló mú ọ lọ. Rahmatullah ìyàwó rẹ wọlé opó, kò lè yọjú sóko. Èmi wà nílé ọkọ mi ní Ìlọrà. Ni Bàbá Uthman, àbúrò bàbá wa, bá kó àwọn ará ilé jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ọ̀wẹ̀ tu opó nínú. Wọ́n gbé ọkọ́, ó di oko rẹ. Wọ́n ro ó, Àlàní! Ọ̀wẹ̀ àánú ni, tọkàntọkàn ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń làágùn. Wọ́n hú eèsún rẹ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n kó o dà sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n fi òtili nìkan sílẹ̀ pé òun ni wọ́n gbìn. Wọ́n délé, wọ́n ń retí kí a dúpẹ́. Rahmatullah dúpẹ́. Kí ni ì bá ṣe? Ìgbà tí mo wá kí i ló tó ráyè sunkún.

Mo lọ wo oko náà. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo bú gbogbo wọn, mo sì bú ìwọ náà. Ta ló ní kí o lọ?

Ṣùgbọ́n òjò rọ̀. Eèsún tí wọ́n jù sẹ́bàá ọ̀nà ta gbòǹgbò, ó ń rúwé níbi tí wọ́n kó o dà sí! Nígbà tí Rahmatullah jáde opó, èmi àtiẹ̀ la lọ ṣà á padà. A rì í mọ́lẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ bí o ṣe máa ń ṣe. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá. Ẹ wò dáadáa, mo ní fún wọn.

Ọlájídé, àbúrò Rahmatullah, gbé àpò ajílẹ̀ yúríà kan wá fún wa láti Akinmọ́rìn. Inú rere ló fi gbé e wá. Ó ní tí a bá dà á síbẹ̀, eèsún á ga ju ènìyàn lọ. Òótọ́ ló sọ, á ga. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ ni mo ń gbọ́: yúríà á fún eèsún lágbára jù, eèsún á bo òtili mọ́lẹ̀, òtili fúnra rẹ̀, tó bá ti rí oúnjẹ ọ̀fẹ́, á ya ọ̀lẹ, kò ní bọ́ ilẹ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sídìí àgbàdo. Ìgbẹ́ àgùntàn tó ti jẹrà dáadáa la fọ́n sí tiwa, a sì bu eérú ìdáná sídìí òtili. Ọlájídé ní a ò lajú. Ó yẹ kí o rí ojú ẹ̀ nígbà tí eèsún àti òtili jọ dìde, tí ọ̀kan ò yan ìkejì jẹ.

Ibẹ̀ ni Bàbá Uthman ti wá gbé tiẹ̀ dé. O mọ bó ṣe rí nílé wa: ilẹ̀ tí ẹnìkan bá ń dá, tiẹ̀ ni, tó bá ti di koríko, ó ti padà sọ́wọ́ ẹbí nìyẹn. Ó ní koríko lòun rí níbẹ̀. Ó ní opó ti pa ilẹ̀ tì, kí wọ́n gbé e fún Uthman ọmọ òun. Àlàní, tí ilẹ̀ yẹn bá lọ, kí làwọn àgbò á jẹ? Tí kò bá sì sí àgbò, kí la fẹ́ fi rán Haneefah ọmọ rẹ níwèé? Bí ológbò ò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Wọ́n gbàgbé pé ológbò ní ẹ̀gbọ́n!

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ó le. Gbogbo igbó gbẹ, iná jó èyí tó kù. Oko rẹ nìkan ló tutù, òtili ń so. Àwọn àgbò tí Bàbá Uthman ń sìn de Iléyá rù kan eegun. Ni Bàbá bá rán Uthman sí Rahmatullah, pé kó jọ̀ọ́, kó yọ̀ǹda kí òun gé díẹ̀. Rahmatullah yọ̀ǹda. O mọ̀ pé onínúure ni. Èmi tí mo gbọ́ ní Ìlọrà, ọ̀kadà ni mo gùn wá sí Fìdítì. Mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lọ́nà.

Nígbà tí ẹbí jókòó lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, tí Bàbá tún gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dìde, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo wá dìde dúró. Mo ní Bàbá, ẹ forí jì mí, ta ló ń tọrọ koríko inú igbó? Ṣebí ẹni tó bá fẹ́ kàn máa ń gé e ni. Mo ní oko olóko là ń tọrọ nǹkan níbẹ̀, ẹ sì ti rán Uthman lọ tọrọ. Wọ́n ní kí n jókòó. Mi ò jókòó! Ìyá àgbà ilé wa ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu wọn. Bàbá Uthman fúnra wọn wá ní ó dáa, oko ni.

Oko ni, Àlàní! Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́.

Haneefah ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. A ti fi bíríkì kọ́ ilé àwọn àgùntàn rẹ, a sì kàn án ní páànù. Uthman ti wá gba pòpòrò eèsún lọ́wọ́ wa, ó lóun náà fẹ́ gbìn. Mo fún un. Mo bú u kí n tó fún un.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ ọ. A ò gbàgbé rẹ, a ò sì ní í gbàgbé. Mo fẹ́ràn rẹ, àbúrò mi, mo sì ṣì ń bínú pé o lọ. Tí mo bá ń roko tèmi, tí ọkọ́ mi bá kan eèsún, mo máa ń yà fún un. Àwọn ará Ìlọrà ti rí i. Ìyá Koríko ni wọ́n ń pè mí báyìí.

Mo ń jẹ́ wọn.