Bàtà tí Akin fi ń sáré ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Dàpọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Life Camp níbí, bí orúnkún tilẹ̀ ń dùn mí. Mo kí ọkọ yín, mo kí gbogbo agbo ilé. Ọmọ ìjọ wa kan ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ létí gbogbo ẹbí. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń ti ẹnu mi jáde.

Ọyẹ́ ń fẹ́ ní Àbújá, ètè gbogbo wa ti bó. Oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a jọ máa jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Báńkì ni Bùkọ́lá, ìyàwó Akin ọmọ mi, ń lọ. Tó bá dé, yàrá rẹ̀ ló ń wọ̀ lọ tààrà. Ẹ mọ̀ pé òun àti Akin jọ máa ń sáré láàárọ̀. Láti ìgbà tí Akin ti kú, ó pa eré náà tì. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, dókítà ní kó padà sídìí eré sísá. Èmi náà tì í lẹ́yìn. Mo ní opó tó bá jókòó pẹ́, àga ni yóò dà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tíì dé ìkóríta tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mẹ́gádì wa ní kai, ìgbín inú ọgbà sáré ju màdáámù lọ. Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré náà tún wọ̀ ọ́ lára, ó ní òun ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn òun. Bí òun bá dúró, ẹsẹ̀ náà á dúró. Mo ní irọ́ ni, mo lọ jókòó sẹ́nu géètì. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnì kan ló kọjá níwájú mi, ẹsẹ̀ ẹni méjì ni mo gbọ́.

Ìgbà náà ni mo wo bàtà tí Akin fi ń sáré. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú síta. A kò pín ẹrù rẹ̀. Ìsìnkú parí, oníkálukú wọkọ̀ padà sílé. Èmi kò lè fọwọ́ kàn án. Ìyá kì í jogún ọmọ. Àbúrò ló ń wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n, Dàpọ̀ ọmọ yín ló sì tẹ̀lé Akin lọ́jọ́ orí. Mo gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà á láti wá gba ẹrù òkú. Kó máa bẹ̀rù bọ̀.

Lánàá mo dúró níwájú bàtà náà, mo ní kí Akin fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ kó dá sáré, pé àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ wá gba ẹrù. Láàárọ̀ yìí Bùkọ́lá sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó ní òun kò gbọ́ ẹsẹ̀ kankan. Mo rò pé yóò dúpẹ́. Ńṣe ló jókòó ti bàtà náà, ó ń sunkún pé Akin kò tẹ̀lé òun.

Ọmọ mi ti gbọ́ tèmi. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún un.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Ẹ sọ fún Dàpọ̀ kó má gbé bàtà kankan dání.

Èmi àbúrò yín,
Ìyá Akin