Kọ̀ǹpútà Yàrá Mi Tó Dákẹ́

Bàámi, ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà mi.

Ẹ sọ lọ́jọ́sí pé tí kọ̀ǹpútà yàrá mi bá ti ń kùn láàárọ̀, ẹ ti mọ̀ pé mo ti fi kọ̀ǹpútà iṣẹ́ wọ inú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn níbí nìyẹn, ẹ ó sì kí i pé, "Ọmọ mi, o jíire." Tó bá ti dákẹ́, ẹ má fòyà, koko lara mi le. Ọ̀gá mi ló ní kí n pa kọ̀ǹpútà iṣẹ́, kí n dá a padà. Wọ́n ní kí n lọ sinmi.

Fèrèsé dúdú méjì tí mo fi ń pàṣẹ ló ṣí lójú kọ̀ǹpútà iṣẹ́ náà: ọ̀kan ń bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìkejì ń bá ti ilé sọ̀rọ̀. Mo ṣì wọ́n mú, ti ilé ni mo pàṣẹ fún pé kó kú. Ó pa mí lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo lè pa á láti ibí, mi ò lè jí i. Ẹ bá mi tẹ bọ́tìnì iwájú rẹ̀. Fóònù ni n ó máa fi wọlé báyìí. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀, kí ẹ ṣáà lè kí mi láàárọ̀.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi. Tí wọ́n bá béèrè mi, ẹ ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè.