Ibi tí Bisikíìtì Yóò Sùn Bí O Bá Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Lọ́lá ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Àkúrẹ́ níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé wọ́n ń mú iná wá? Àwa náà wà ní Oǹdó níbí, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ń jẹun, orúnkún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọlọ́run tó bá wa tọ́ ọ dàgbà kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Lẹ́tà ni mo kọ, mo fi rán dẹ́rẹ́bà tó ń ná Àkúrẹ́, nítorí láti ìgbà tí mo ti tẹ nǹkan kan lára fóònù mi ló ti ń pariwo ọ̀rọ̀ rẹ síta, tí Akíntóyè àbúrò bàbá rẹ sì ń dá ọ lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló pọ̀ jù ládùúgbò wa.

O ní o kò ní lọ fún kọ́ọ̀sì olóṣù kan yẹn àfi tí a bá rí ibi tó ṣeé fọkàn tán fún ajá rẹ. Ọ̀rọ̀ náà já mi láyà, torí mo ti sọ fún gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá pé ọmọ mi ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ì bá rọrùn kí Bisikíìtì wá sọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé àsìkò ọdún Ògún ni yóò bọ́ sí. Nígbà tí o mú un wá ní Àjíǹde, gbogbo èèyàn ń fọwọ́ pa á lórí, Akíntóyè nìkan ló ń fọwọ́ wọn itan rẹ̀. Ó ní ajá yìí mà jẹun kánú o.

Nítorí náà ni mo fi wọ mọ́tò wá sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí o wà níbi iṣẹ́. Hameedat tó ń ránṣọ fún mi ní Ọjà Ọba ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan lọ́nà Ìjù, Adélaní lorúkọ rẹ̀, tó ń bá àwọn arìnrìn-àjò tọ́jú ajá. Ibẹ̀ mọ́ ju yàrá rẹ lọ, má bínú. Kámẹ́rà kan wà lókè ògiri, dókítà ní láti Lọ́ńdọ̀nù ni wàá ti máa rí Bisikíìtì. Mo tún gèlè mi ṣe, mo kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, mo ní ẹ kú òtútù, ẹ bá mi tọ́jú ọmọ mi tó ń bọ̀. Wọn ò dáhùn, bóyá wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo tún béèrè bóyá àwọn ajá àgbà kì í fìyà jẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, torí ohun tí ojú ìwọ náà rí nígbà tí o ń gbé inú ọgbà ilé-ìwé. Mo ti ra bọ́kẹ́ẹ̀tì, mílíìkì àti àgádágodo fún Bisikíìtì, mo sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sí gbogbo wọn lára.

Gbogbo ẹ̀ ń dùn mọ́ mi títí mo fi bi dókítà léèrè ìlú rẹ̀, tó ní ọmọ Oǹdó ni òun. Hà! Èmi náà ọmọ Oǹdó ni, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí. Mo rí ìkòkò ńlá kan lórí iná, mo ní kí ó ṣí i. Ìrẹsì àwọn ajá ni, ó tilẹ̀ fi kárọ́ọ̀tì sí i, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Ó fẹ́ fi Bíbélì búra, mo kọ̀, torí Bíbélì máa ń dárí jini. Irin ni mo ní kó fẹnu kàn. Àlùfáà wa ò gbọdọ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Oǹdó wo ló máa fi irin purọ́? Ògún tó ń jẹ ajá gan-an ni mo fi ṣe oníìdúró fún ajá. Dókítà rẹ́rìn-ín títí, ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó fi ahọ́n kàn án, ó ní òun ò ní jẹ Bisikíìtì, òun ò ní tà á, ebi ò sì ní pa á lọ́dọ̀ òun.

Ló bá na kọ́kọ́rọ́ náà sí mi, ó ní Mama, ó kan ẹ̀yin náà. Ó ní àwọn kan ti kó ajá sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun pé oṣù kan làwọn fẹ́ lò nílùú òyìnbó, wọn ò sì padà wá mọ́. Ó fi ọ̀kan hàn mí, ajá dúdú kan tó kọjú sí géètì, tí kò tiẹ̀ wo wá. Ó ní kí n fẹnu kan irin pé ọmọ mi yóò padà wá mú ajá rẹ̀.

Lọ́lá, mo gba kọ́kọ́rọ́ náà, mo gbé e dé ẹnu, mi ò lè ṣe é. Mo ní eyín ń dùn mí. Nínú mọ́tò ni mo ti sunkún dé Oǹdó, dẹ́rẹ́bà rò pé wọ́n jí mi lówó.

Jọ̀wọ́, fi owó ìpara orúnkún bàbá rẹ ránṣẹ́, kí o sì fi ti mílíìkì kún un, torí a ti ń mu ti Bisikíìtì. Dẹ́rẹ́bà ni kí o fún, má fi sí báǹkì, wọ́n máa ń bù nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fún mi. Ọlọ́run yóò ṣáájú rẹ lọ, yóò sì tẹ̀lé ọ bọ̀. Ojú rere ni wàá máa rí láàárín àwọn àjèjì, òtútù ò ní mú ọ.

Dókítà ti gbà, ìbúra tiwa ló kù. Kí o tó wọ ọkọ̀ òfurufú, lọ fẹnu kan irin náà fúnra rẹ. Bí eyín bá ń dun ìwọ náà, ọmọ mi, jọ̀wọ́, sọ fún mi kí o tó lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.