Ìyá Oyin Oníkútẹ́ẹ̀sì Pupa

Sọ́ńdè, 15 Júùnù 2025
Mo dé Ẹ̀pẹ́ lónìí. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti sin Ṣùkúrátù ìyàwó mi ní oṣù kẹrin. Àpótí oyin rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nínú oko Bàbá Ọláòtán, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ oyin. Ọ̀kan ń jẹ́ Oníjà — wọn kì í béèrè kí wọ́n tó tani. Ìkejì ń jẹ́ Ìyálé. Ṣùkúrátù ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀.

Ìyálé ò ní ẹyin. Kò ní ìdin. Afárá ṣófo bí ilé tí wọ́n kó ẹrù kúrò nínú ẹ̀. Oníjà ní tiẹ̀ kún fọ́fọ́. Wọ́n ta mí lọ́rùn, wọ́n ta mí létè. Kò dùn mí. Kò sí nǹkan tó ń dùn mí láti oṣù kẹrin.

Mọ́ńdè, 16
Iléeṣẹ́. Mo fi ẹ̀rọ gé ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ kọ.

Àlàmísì, 19
Mo pe Bàbá Ọláòtán. Wọ́n ní nígbà òjò, ìyá oyin lè dín ẹyin kù, torí òdòdó ò sí. Àmọ́ òjò kan náà kọ́ ló ń rọ̀ sórí Oníjà ni? Wọ́n ní bóyá ìyá oyin Ìyálé ti kú, bóyá ó ti gbó. Kí n yọ afárá kan tó ní ẹyin nínú Oníjà, kí n kì í bọ Ìyálé. Bí wọ́n bá kọ́ yàrá ọba sára ẹ̀ — yàrá gígùn kan tó máa ń rọ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀pà, tí wọ́n fi ń tọ́ ìyá tuntun — wọn ò níyàá. Bí wọn ò bá kọ́ ọ, ìyá wọn wà níbẹ̀, kò kàn yé mọ́ ni.

Aisha ọmọ mi béèrè pé Màmá ńkọ́. Ìyá oyin Ìyálé ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní ara ẹ̀ le. Irọ́. Kí ni mo mọ̀?

Sọ́ńdè, 22
Mo ki afárá náà bọ̀ ọ́. Mi ò rí ìyá oyin. Ó yẹ kó rọrùn láti rí — ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Ọjà Benson ni Ṣùkúrátù ti ra kútẹ́ẹ̀sì tó fi kùn ún lẹ́yìn kí a lè máa tètè dá a mọ̀, òun tí kì í kùn ún séèékánná nítorí àlùwàlá. Ọmọbìnrin tó tà á fún un ń fi ṣẹ̀fẹ̀: Alhaja, ta lẹ fẹ́ lọ fi í hàn? Ó ní oyin ni. A rẹ́rìn-ín dé ibùdókọ̀ Lasunwon lọ́jọ́ náà.

Àlàrùba, 25
Òjò. Aisha gbé ẹ̀bà wá. Mo ní mo ti jẹun.

Sọ́ńdè, 29
Kò sí yàrá ọba. Wọ́n tọ́ ọmọ olọ́mọ, wọ́n tiẹ̀ ti fi ìda dé yàrá wọn lórí. Ìyá wọn wà nìyẹn. Mo wá a títí, mo rí i. Pupa. Ìyẹ́ rẹ̀ ti ya, ó ń rìn káàkiri orí afárá, kò yé ẹyin kankan.

Bàbá Ọláòtán ní kí n pa á. Kí n wá tẹ́ ìwé ìròyìn sórí Oníjà, kí n gbé Ìyálé lé e, kí wọ́n máa jẹ ìwé náà títí òórùn wọn á fi dọ̀kan. Bí mo bá dá a sí, àwọn oníṣẹ́ ń kú lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń rọ́pò wọn. Gbogbo ilé náà á run. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Sọ́ńdè, 6 Júláì
Mi ò lọ. Mo ní inú ń run mí.

Jímọ̀, 11
Bàbá Ọláòtán pè. Wọ́n ní, Ìdrís, ṣé o fẹ́ kí gbogbo ilé kú nítorí ẹnì kan ni? Mo pa fóònù. Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn! Ta ló bi wọ́n? Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ Ṣùkúrátù kàn, ìyá oyin yẹn nìkan ló ṣì ń mí.

Sọ́ńdè, 13
Aisha ní òun ń bá mi lọ. Mi ò pè é. Kí n tó wẹ̀ tán, ó ti gbé aṣọ oyin ìyá rẹ̀ sínú báàgì.

A ṣí Ìyálé. Oyin tó kù ò ju ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan lọ, èèrà ti ń wọlé. Mo mú ìyá oyin náà. Ó wà láàárín ìka mi, ó ń jà pìtìpìtì. Mo ní Bísímílà. Mo tún un sọ. Ọwọ́ mi kọ̀.

Aisha ní kí n gbé e wá. Ó ní Màmi ì bá ti pa á tipẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo mọ̀. Ṣùkúrátù pa méjì lójú mi rí, ó sì jókòó jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀.

Aisha tẹ̀ ẹ́ pa lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí Oníjà, ó dá a lu wẹ́wẹ́, ó gbé Ìyálé lé e, ó dé e. 

Ọmọ ló pa á, èmi ni mo bú sẹ́kún. Mo sunkún nínú oko olóko bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Aisha bọ́ ìbọ̀wọ́, ó dì mí mú. Ó ní láti oṣù kẹrin lòun ti ń dúró dè mí, kí àwa méjèèjì lè jọ sunkún Màmi.