Agbádá Baálẹ̀ Gbọ́dọ̀ Gbẹ

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù Kẹjọ

Bàámi lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lónìí. Ìpàdé ẹbí. Ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó dé.

Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí n mú àwọn dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ — Píjò 504 wọn, tó jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù nínú agbádá ẹ̀. Aṣọ ìbora mọ́tò là ń pè ní Agbádá nílé yìí. Òde ẹ̀ le, inú ẹ̀ múlọ́múlọ́ bí aṣọ ọmọ tuntun. Mo ká a bí wọ́n ṣe kọ́ mi: láti iwájú lọ sẹ́yìn, ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po, kí erùpẹ̀ òde má baà kan ọ̀dà. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fà á díẹ̀díẹ̀ láti ibi iná títí dé ẹ̀gbẹ́ dígí iwájú. Wọ́n dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń sinmi ni. Ojú Bàámi ti ṣú láti ọdún tó kọjá, ìmọ́lẹ̀ lásán ló kù tí wọ́n ń rí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rí mọ́tò.

Wọ́n ní, "Motọ́lání, tí mo bá dé, màá fọwọ́ kàn án. Tó bá rí bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ìwọ lo ni kọ́kọ́rọ́. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí Débọ̀ máa gbé e lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Pápá Àjàó tó máa gé e wẹ́wẹ́ — ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn lọ́tọ̀. Níta, Bọ̀ọ̀dá Débọ̀. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-Tà-Á.

Inú mọ́tò yẹn ni mo ti kọ́ mọ́tò wíwà. Òun náà la fi gbé Màámi lọ sílé ìwòsàn nígbà ìkẹyìn. Ẹnì kankan ò ní gé e. Ẹnì kankan!

Ọjọ́rú, 6

Àdán. Ọlọ́run á bi wọ́n o. Wọ́n jẹ fúrúùtù tán, wọ́n yàgbẹ́ sórí Agbádá. Òjò àná ti po gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó ti ń wọnú aṣọ. Tí mo bá fi sílẹ̀, ara ọ̀dà ló kàn.

Mo gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Nínú òjò oṣù yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Àǹtí Fúnlọ́lá ní kí n gbé e wá kí àwọn fi jíìkì rẹ ẹ́. Àbúrò Màámi ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Mo ní rárá, jíìkì á jẹ ẹ́. Wọ́n ní ó dáa, sítáàṣì ńkọ́? Mo ní rárá, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́.

Kò sí ohun tí Àǹtí Sítáàṣì kì í fi sítáàṣì sí. Kọ́tìnì. Àpò ìrọ̀rí. Ańkáṣíìfù Bàámi ń dún bí ìwé tí wọ́n bá fẹ́ fi fun imú. Bàámi ti sọ fún wọn lọ́jọ́ kan, ní ojú gbogbo wa: "Fúnlọ́lá, gbogbo ohun tó wà nílé yìí lo lè fi sítáàṣì sí. Mọ́tò mi kọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Mo fọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ń ro mí bí ẹni tó gbé sìmẹ́ńtì.

Mo kọ́kọ́ ta á sórí wáyà. Mo gbọ̀n ọ́n, mo fi igi ìgbálẹ̀ nà án jẹ́jẹ́ títí iyanrìn fi dákẹ́ àtimáa já bọ́. Bàámi ní iyanrìn kan péré tó bá sá sínú ẹ̀, ọ̀bẹ ni. Mo gbọ́n omi kúrò nínú báàfù — báàfù tí ẹnì kankan ò wẹ̀ nínú ẹ̀ rí, omi la máa ń pọn sí i. Omi tútù. Ọṣẹ olómi díẹ̀, irú èyí tí mo fi ń fọ abọ́. Mo kó aṣọ náà sínú ẹ̀, mo wọ ibẹ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po amọ̀. Omi àkọ́kọ́ dúdú, ó ń rùn. Ibi tí àdán ti bà jẹ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ra á, láì kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ — Bàámi lè fi òwe yẹn pa èèyàn. Mo ṣan án, ṣan án, títí ìfófó fi tán pátápátá.

Mi ò fún un. Fífún máa ń fa inú ẹ̀ ya. Mo wọ́ ọ lọ sí bàkónì, ó wúwo bí òkú màlúù, mo gbé e kọ́ irin kó máa ro.

Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń mi orí. Pé ta ló kọ́ mi ní aṣọ fífọ̀ gan-an?

Ọjọ́ Àìkú, 10

Òjò dé kí pásítọ̀ tó ṣe àmín. Mo sáré kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Agbádá ti tutù padà.

Ọjọ́ Ajé, 11

Òjò. Aṣọ wà nínú balùwẹ̀, àràárọ̀ ni mo sì ń nu ìgbẹ́ àdán kúrò lára Baálẹ̀. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Ó ti ń ní òórùn díẹ̀. Tó bá fi lè bu, ó parí nìyẹn. Mo tún un ṣan.

Mi ò lè ta á sábẹ́ igi, àdán wà níbẹ̀. Mi ò lè ta á sórí páànù, ìdóògùn á gbà á. Oòrùn gangan náà á sun ún. Mo ronú títí ní ibi iṣẹ́ ní Yábàá débi pé oníbàárà kan béèrè lórí fóònù bóyá mo ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá sí mi lọ́kàn. Kánópì!

Ọjọ́rú, 13

Benjamin tó ń fi kánópì háyà ní ilé kejì ní, "Àǹtí Tọ́lání, kánópì fún mọ́tò? Ọjọ́ ìbí ẹ̀ ni?" Mo ní agbádá ẹ̀ ni mo fẹ́ sá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ṣùgbọ́n ó gbé kánópì wá, ó rì í sí iwájú ilé, jìnnà sí igi. A ta okùn mọ́ àwọn òpó ẹ̀. Agbádá ti wà lórí okùn, inú ẹ̀ síta, atẹ́gùn ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá.

Kí òjò wá wò ó.

Ọjọ́bọ̀, 14

Òjò dákẹ́! Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì ti dé. Ojú ọ̀run funfun, atẹ́gùn tútù. Mo yí aṣọ padà láàárọ̀, mo yí i padà nírọ̀lẹ́. Etí ẹ̀ ti gbẹ. Ibi ìránpọ̀ ṣì tutù. Ó ku díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Láti géètì ni mo ti gbọ́ òórùn sítáàṣì gbígbóná.

Kò sí nǹkan lábẹ́ kánópì. Agbádá wà lórí Baálẹ̀. Ó dúró gan-in, igun ẹ̀ na síta bí ẹni tó ń lọ jókòó láàfin. Wọ́n tún ti fi búlúù sí i. Àǹtí dúró tì í, ẹ̀rín ẹnu wọn gba ojú wọn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí n ti ibi iṣẹ́ dé kí n tún máa wàhálà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó gbẹ sí ara mọ́tò kó lè ba ara ẹ̀ mu dáadáa.

Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀. Ó tutù. Inú ẹ̀ tó múlọ́múlọ́ ti le bí páálí.

Mo pariwo. Mo pariwo mọ́ ẹni tó wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi. Ojú tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n inú ń bí mi síbẹ̀.

A jọ gbé e kúrò. Omi ti bo gbogbo ọ̀dà. Mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún — ìgbà náà ni mo rí i. Ìlà kan lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí iwájú, ó gùn tó ìka àárín mi. Ibi tí Àǹtí ti wọ́ aṣọ líle yẹn kọjá.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Mo tún gbọ́n báàfù. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lọ́tẹ̀ yìí, láìsí ọṣẹ, kí sítáàṣì lè yọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo dà á nù, mo tún tẹ̀ ẹ́. Omi náà ń yọ̀ bí omi ilá. Àǹtí wá láìsọ̀rọ̀, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n wọ inú báàfù pẹ̀lú mi. Àwa méjèèjì ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá mo rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-Tà-Á wá jẹun. Ó rí ìlà náà kó tó jókòó. Ó fi fóònù ya á. Ó ní, "Ó mà ṣe o," ohùn ẹ̀ sì dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọjọ́rú, 20

Ó gbẹ! Tinú tòde, títí dé ibi ìránpọ̀. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án. Ó rọ̀.

Àǹtí ò lè jẹun. Wọ́n ní Bàámi ti kìlọ̀ fún àwọn, pé tí Bàámi bá gbọ́, wọ́n á ní kí àwọn máa padà lọ sílé. Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé yín lọ síbì kankan. Màá ní èmi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Àǹtí mú ọkùnrin kan wá láti Ìgànmú, Aminullah, pípọ́líìṣì ọ̀dà mọ́tò niṣẹ́ ẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ẹ̀ sílẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìlà méjì ló wà níbí o. Ọ̀kan tuntun, ọ̀kan ti pẹ́." Òótọ́ ni. Èyí tó pẹ́ tinrín, mi ò kíyè sí i rí. "Màá pa méjèèjì rẹ́. Bàbá ò ní mọ̀."

Ó ti ki wáyà bọ iná. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé mì. Bàbá ò ní mọ̀. Èèyàn tó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ló kù fún un, kí n wá fi ọwọ́ náà purọ́ fún un?

Mo ní kó yọ wáyà. Àǹtí fẹ́ kúnlẹ̀, mo dì wọ́n mú. Lóòótọ́, màá purọ́ nípa ẹni tó ṣe é. Ẹnu nìyẹn. Ọwọ́ Bàámi, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Tí mọ́tò bá máa lọ, kó lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Mo wọ Agbádá fún Baálẹ̀. Mo gbàdúrà.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Débọ̀ ló lọ gbé Bàámi ní gáréèjì. Ó ti sọ fún wọn lọ́nà, mo rí i lójú ẹ̀.

Wọn ò tilẹ̀ mu omi. "Ká a." Mo ká a, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Wọ́n fi ìka méjì ra inú aṣọ, wọ́n gbé e sí imú. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ dé ẹ̀gbẹ́ dígí. Ó dúró.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, Bàámi."

"Ìwọ lo fi sítáàṣì sí i?"

Àǹtí bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà.

"Fúnlọ́lá, sún mọ́bí." Wọ́n mú ìka mi, wọ́n fi kan ìlà tuntun. Lẹ́yìn náà wọ́n sún un díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, sórí èyí tó pẹ́. "Motọ́lání, èyí, ìyá rẹ ni. Agbádá àkọ́kọ́ tí mo rà. Ó ní kò yẹ kó máa rí jákujàku lára mọ́tò ọkọ òun, ó fi sítáàṣì sí i, ó wọ́ ọ gba ibí. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Omi wà lójú wọn. "Òun àti Fúnlọ́lá, ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí lo rò pé mo ń wá níbẹ̀?"

Mo rántí Aminullah àti ẹ̀rọ ẹ̀.

Débọ̀ ní, "Ṣùgbọ́n Bàámi, ẹ ní tí kò bá rí bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ —"

"Ó rí bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ìlà ìyá yín ṣì wà níbẹ̀."

Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí wọ́n ti gbọ́ ohùn mi. Wọ́n ní ká lọ yí Sítédíọ̀mù po ká padà. Débọ̀ ṣí ilẹ̀kùn iwájú, Bàámi ní kó lọ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Àǹtí Fúnlọ́lá.

Èmi ni mo wà á.