Ọmọ Òyìnbó Tó Dọ̀bálẹ̀ Nínú Fóònù

Abà Onírèké,
lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.

Mùlíkàt Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Ara le bí ní Wuye? Àwa níhìn-ín ń jẹ, a ń mu, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ ká fẹsẹ̀ kọ. Òun náà ni yóò máa ṣáájú rẹ, tí yóò sì máa tẹ̀lé ọ lẹ́yìn káàkiri Àbújá.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, àti fọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀. O ní o ti fi ìtàn omi mi ṣe ijó sínú fíìmù, pé tí n kò bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, ẹ óò gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ tó gbé e fáyé wò ní Galadimawa. O sì ní kí n má bínú. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ wò ó ná kí n tó mọ̀ bóyá màá bínú. Ni a bá kó ara wa lọ bá Tíṣà Olúfúnkẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ abà wa, torí o ní orí fóònù tiẹ̀ ni o fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí. A tó mẹ́rìnlá tá a rọ̀gbà yí i ká.

Àbẹ̀ní, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin méjì péré, ìwọ àti ọmọ òyìnbó kan, ẹ kò wọ bàtà. Mo rí i pé owó ti tán lọ́wọ́ yín tí ẹ kò fi rí àwọ̀ rà sí i, dúdú àti funfun nìkan ni gbogbo rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. A rò pé fóònù ló yadi, a gbọ̀n ọ́n títí, Tíṣà ní ká fi í sílẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ tún wá ń rọra gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Mo ti ní kí ìyá rẹ di gàrí àti èlùbọ́ ránṣẹ́, kí ẹ̀yin méjèèjì máa jẹ ẹ́ ní Durumi tí ẹ ti ń jó, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín lè yá.

Ìgbà tí o nawọ́ sí ife omi, tí ọmọ yẹn gbà á, tó da omi náà sílẹ̀ lójú rẹ, mo sún mọ́ fóònù. Mo mọ ibẹ̀. Níbi iṣẹ́ ọ̀nà ọ̀dà ni, nígbà tí mo ń ṣe lébìrà lábẹ́ òyìnbó kan. Ajá rẹ̀ ń mu omi tútù nínú dúróòmù, àwa dúdú ń mu nínú odò. Ọjọ́ tí òùngbẹ fẹ́ pa mí tí mo bu ife kan nínú dúróòmù yẹn, òyìnbó náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó dà á sílẹ̀, ó sì ju ife náà sígbó pé mo ti sọ ọ́ di ìdọ̀tí, lójú gbogbo ẹgbẹ́ mi. Ó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún, nígbà tí o wà ní kékeré tí ìbéèrè rẹ kì í tán. Ìyá rẹ pàápàá kò mọ̀ títí lẹ́tà rẹ fi dé, ojú ló ń tì mí.

Àfi bí ọmọ òyìnbó yìí ṣe wá síwájú rẹ tó dọ̀bálẹ̀! Kì í ṣe irú ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń fi ìka kan tọ́ ilẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ o. Àyà kanlẹ̀, imú kanlẹ̀, ó na ara gbalaja. Mo ní irú ilé wo ló ti jáde wá, ta ló kọ́ ọ? Omi bọ́ lójú mi, Àbẹ̀ní, n kò ní purọ́ fún ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnì kan bẹ̀ mí. Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú níwájú gbogbo èèyàn, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì wa.

Ṣùgbọ́n ìwà tìrẹ kò dùn mọ́ mi. Ọmọ ọlọ́mọ dọ̀bálẹ̀, o wá ń yí i po, ẹ̀ẹ̀mẹta! Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Ọmọ tí a bá fọwọ́ òsì nà, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Gbogbo wa ń pariwo sí fóònù pé kí o ní kó dìde, o kò dá wa lóhùn, fíìmù sì parí. Tíṣà ní ó ti dìde tipẹ́, pé ó ṣeé ṣe kó ti máa jẹun nílé rẹ̀ báyìí. Mo ní kó tún un ṣí ká wò. A wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin, ilẹ̀ náà la ń bá a.

Ti fọ́ọ̀mù, Tíṣà túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé mo gbà kí ẹ lo ìtàn mi ní gbogbo ayé, àti òde ayé, títí láéláé. Ti ayé, mo gbà. Ti òde ayé níbi tí oṣù àti ìràwọ̀ wà, n kò mọ ará ibẹ̀ kankan, mo fi bírò pa á rẹ́. Èyí tó kù, mo fọwọ́ sí i, mo tẹ̀ka sí i, mo ní kí ìyá rẹ náà tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n má baà pè é ní ayédèrú. Ẹ má gé nǹkan kan kúrò. Ojú kò tì mí mọ́.

Owó ọkọ̀ ni mo wá ń bẹ̀ ọ́ fún, ti èmi àti ìyá rẹ, àti ti fìlà tuntun kan. Fi rán awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Àbújá, má gbé e gba báńkì. Lọ́jọ́sí, ẹ̀rọ wọn bi mí ní nọ́ńbà àṣírí mi, mo ní àṣírí ni, mo sì bá tèmi lọ.

Ijó ayọ̀ ni wàá máa jó, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ débi àbámọ̀, ìyá tó bí ọmọ òyìnbó yẹn náà á jèrè rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e fáyé wò, iwájú pátápátá ni kí o fi èmi sí. Bí ọmọ yẹn bá ti dọ̀bálẹ̀, èmi tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an á wà níbẹ̀, n óò sì ní kó dìde.

Èmi ni bàbá rẹ,
Màmúdù.